Ẹ̀fọ́ Bíítírúùtù Ọjọ́ Ìsinmi Yẹn

Títí di òní, bí mo bá rí ewé tí iṣan rẹ̀ pupa, ẹ̀rù a máa bà mí. Tẹ̀tẹ̀ pupa lásán ti tó láti mú mi dúró lójijì láàárín ọjà Odígbó. Àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ ti mọ̀ mí. Wọ́n á ní kí n wò ó, pé tútù ni, èmi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti já a, ta ló gbìn ín, kí ló wà lórí ilẹ̀ yẹn kí wọ́n tó gbìn ín. Wọ́n rò pé ọjọ́ ogbó ló ń dé sí mi. Ogbó kọ́. Oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan ni. Èmi ni mo sè é, èmi náà ni mo bù ú.

Iṣẹ́ tíṣà ló gbé mi wá sí Odígbó láti ìhà Ọ̀ṣun nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọge. Mo rò pé ọdún méjì ni mo máa lò. Ọkọ tí mo pàdé níbẹ̀ kò jẹ́ kí n lọ mọ́. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni, àgbẹ̀ kòkó, oko rẹ̀ wà lọ́nà Araròmí-Obù níbi tí mọ́tò kì í dé, àfi ọ̀kadà. Ní àsìkò tí wọ́n bá ń fín oògùn sí kòkó, Mọ́ńdè ló ń lọ sí abà, Sátidé ló ń padà wálé. Èmi náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa mo ti wà lọ́nà ilé-ìwé, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni mò ń dé. Bí a ṣe tọ́ àwọn ọmọ wa dàgbà nìyẹn. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó sì ti mọ́ mi lára pé bí mo bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ọkọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí n fi ẹgba sílẹ̀ sílé-ìwé kí n tó wọlé. Mi ò rántí fi í sílẹ̀ rí.

Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì ni ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo padà wá bá wa gbé. Iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ló gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn, òun sì wà nínú oyún oṣù mẹ́ta. Oyún kan ti bàjẹ́ lára rẹ̀ rí, ní oṣù karùn-ún, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Torí ìyẹn ni mo ṣe ní kó máa bọ̀ nílé. Mo fẹ́ fi ojú mi ṣọ́ eléyìí. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi pé bí mo bá lè ṣọ́ ọgọ́ta ọmọ nínú kíláàsì kan, mo lè ṣọ́ ọ̀kan tó wà nínú ikùn ìyá rẹ̀.

Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí a lọ fi orúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú aboyún, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Wọ́n fún un ní oògùn tó máa lò lójoojúmọ́, wọ́n ní kó máa jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹ̀dọ̀. Èmi kò jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ti gbé ní Jos rí ti máa ń sọ fún wa pé kò sí ohun tó dà bíi bíítírúùtù fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, pé àtiṣu àtewé rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Òun ló fún mi ní irúgbìn rẹ̀, ó dì í sínú bébà kékeré kan. Hóró rẹ̀ rí págunpàgun, ó gbẹ, kò jọ ohun tó lè hù. Mo gbé e sínú Bíbélì mi, mo sì lọ wá ilẹ̀.

Lẹ́yìn ilé wa, nítòsí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ilẹ̀ kan wà tó fẹ̀ tó ẹní méjì. Ó máa ń rin nígbà gbogbo, kò sì sí koríko níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa mọ̀ pé ohun ìyanu nìyẹn. Bí o bá ro ibòmíràn lónìí, kí ọ̀sẹ̀ tó parí koríko á ti máa bá ọ dọ́gba. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo dúró síbẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó ti bá mi ro oko sílẹ̀. Mo ru ilẹ̀ dúdú wá láti ẹ̀yìn ààtàn, mo da ìgbẹ́ adìẹ mọ́ ọn, mo kọ ebè kéékèèké mẹ́rin, mo sì gbìn ín. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti gbé nínú ilé yẹn, mi ò mọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ẹni tó ń jáde láàárọ̀, tó ń wọlé nírọ̀lẹ́, kí ló fẹ́ mọ̀?

Ó hù. Nígbà tó yá, ewé rẹ̀ gbilẹ̀, ó ń dán, iṣan pupa gba inú rẹ̀ kọjá. Oòrùn wa le ju ti Jos lọ, nítorí náà iṣu rẹ̀ kò tóbi, èyí tó tóbi jù kò ju ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé lọ, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ pọ̀ yanturu. Mò ń pọnmi sí i láràárọ̀. Mò ń ṣe fáàrí rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tó ń gbé nínú yàrá tó kángun sí tiwa. Aládùúrà ni ẹ̀gbọ́n, àwọn onífunfun, tí kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà, tí wọn kì í sì fi àwọ̀ pupa kan ara. Ó wo ewé náà, ó wo iṣan rẹ̀, ó ní Ọlọ́run á bá wa lò ó re, ṣùgbọ́n òun kò ní fi í sẹ́nu. Mo fi rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé ata tó ń jẹ, ṣé funfun ni.

Ọmọ mi wà nínú oṣù keje nígbà tí mo pinnu pé ó ti tó jẹ. Sátidé yẹn, bíi gbogbo Sátidé, mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ọ̀sán, a ń tún ibẹ̀ ṣe. Ọkọ mi ti oko dé kí n tó dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí a tó lọ fún ìsìn, mo já ewé náà, mo hú iṣu rẹ̀, mo fi ọ̀pọ̀ omi fọ̀ wọ́n, mo sì rẹ wọ́n sínú omi iyọ̀ títí a fi dé. Ìgbà tí a dé ni mo wá gbé ìkòkò kaná. Mo se iṣu rẹ̀ pẹ̀lú èèpo, mo bó o nígbà tó tutù díẹ̀, mo gé e wẹ́wẹ́. Àwo, ọ̀bẹ, pákó ìgéfọ̀ọ́, ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, gbogbo wọn pupa. Mo fi epo, ata, irú àti ẹja gbígbẹ se ewé rẹ̀ bí a ti ń se ẹ̀fọ́. Omi rẹ̀ pọ́n ju epo lọ. Mo ro púpurù gbígbóná, òkèlè ẹ̀gẹ́ tí àwọn Ìkálẹ̀ fẹ́ràn, mo sì pè wọ́n.

Ọkọ mi jẹ ìwọ̀nba. Ohun tó bá ti bá púpurù lọ, ó ti tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọmọ mi mú òkèlè kan, ó dúró. Ó ní, "Mọ́mì, ó ń run erùpẹ̀."

Mo bi í pé inú erùpẹ̀ kọ́ ló ti jáde ni, ṣé ó fẹ́ kó máa run lọ́fínńdà ni. Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó jẹ ẹ́ tán. Mo bu òmíràn sí i. Ó gbé ojú sókè wò mí, mo sì fi ojú yẹn tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ̀ wò ó, pé ẹ̀jẹ̀ ló ń fúnni, kó jẹ ẹ́. Ó jẹ ìyẹn náà tán, ó tún jẹ èyí tí mo gé wẹ́wẹ́.

Ọkọ mi dìde lọ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ilé. Nígbà tó padà, kò wọlé. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, omi ń kán ní ọwọ́ rẹ̀. Ó bi mí pé níbo ni mo ti já ẹ̀fọ́ tí a jẹ. Mo ní nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ló dé. Ó bi mí bóyá òdòdó tó wà níbẹ̀ ni. Mo ní kì í ṣe òdòdó, bíítírúùtù ni, ta ni yóò gbin òdòdó sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó wo ọmọ wa. Ó wo ọwọ́ mi tó pupa. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nínú ilé wa, Yorùbá tí gbogbo ayé ń sọ ló máa ń bá mi sọ, nítorí pé èmi kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ọjọ́ yẹn, Ìkálẹ̀ ló jáde lẹ́nu rẹ̀, bí ìgbà tó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí ìyẹn ṣì wà láyé. Ó ní, "Fọ ọghọ́ rẹ."

Ó wá sọ ọ́. Ibẹ̀ ló ti ń fọ páńpù tó fi ń fín kòkó. Gbogbo Sátidé, bó bá ti oko dé, ibẹ̀ ló ń da omi rẹ̀ sí. Nígbà tó rí ewé tó ń hù níbẹ̀, ó rò pé àwa tíṣà àti òdòdó wa ni, òdòdó kì í ṣe ohun jíjẹ, ó sì ń dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bi í pé ìgbà wo ló dà á gbẹ̀yìn. Ó ní, "Àná."

Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ̀ pé èmi ni mo ní kó máa gbé páńpù yẹn bọ̀ wálé. Tẹ́lẹ̀, odò oko ni gbogbo àgbẹ̀ abà ti ń fọ tiwọn. Ẹja kú nínú odò náà ní ọdún kan, àwọn obìnrin abà bínú, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọ páńpù síbẹ̀ mọ́. Mo gbọ́ ọ, inú mi dùn, mo sì kọ́ ọkọ mi bí ẹni kọ́ ọmọ kíláàsì kìíní pé kó máa gbé tirẹ̀ wá fọ̀ nílé. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Mi ò sì bi í rí pé ibo nínú ilé ló ń fọ̀ ọ́ sí.

Ọmọ mi ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn gbé ọwọ́ méjèèjì lé ikùn rẹ̀, ó ń wò mí, kí n sọ ohun tí a máa ṣe. Gbogbo ayé rẹ̀, èmi ló ń sọ ohun tí a máa ṣe. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n ẹnu mi ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo ní epo pupa ló máa mu. Bẹ́ẹ̀ ni a bá a láyé, ẹni tó bá jẹ ohun tí kò yẹ, epo ni a ń fún un mu. Mo bu epo kún kọ́ọ̀bù kan, mo di orí rẹ̀ mú, mo dà á sí i lẹ́nu. Ó mu ún dé ìdajì, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì bì.

Ohun tó bì pupa.

Ó ta sára ìró rẹ̀, ó ta sí ilẹ̀, pupa tó jinlẹ̀. Ọwọ́ mi pupa, pákó ìgéfọ̀ọ́ pupa, àwo tó wà níwájú mi pupa, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ni mo rí. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kí ojú ríran. Mo rí oyún oṣù karùn-ún tó bàjẹ́ níjọ́sí tí mi ò sí níbẹ̀, mo rí i pé lọ́tẹ̀ yìí mo wà níbẹ̀, èmi gan-an ni mo gbé e fún un. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọkọ mi, tó ń fi igi lásán pa ejò, kò lè fi kọ́kọ́rọ́ sí ojú ihò rẹ̀ lára ọ̀kadà.

Ẹ̀gbọ́n ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé àdúrà dé, ó ṣì wà nínú sùtánà rẹ̀. Kò béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé ọmọ mi gun ọ̀kadà lẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó ní kí n gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì tú ọ̀já funfun tó wà ní ìbàdí ara rẹ̀, ó fi so èmi àti ọmọ mi pọ̀, kí ó má bàa ṣubú bí òòyì bá kọ́ ọ. Ó wọ́ ọ̀já náà gba òkè ikùn rẹ̀, ó rọra dì í. Ó ní kí a máa lọ, òun kò ní dìde lórí eékún òun títí a ó fi dé.

Ọ̀nà Odígbó sí Òrè kò jìn. Ó jìn lọ́jọ́ yẹn. Mo gbé ọwọ́ mi sí abẹ́ ọ̀já náà, mo tẹ́ ẹ lé ikùn ọmọ mi, mò ń retí kí ọmọ inú rẹ̀ ta. Gbogbo kòtò tí a bá kó sí, ẹ̀mí mi á fò. Mo ń rántí òkèlè rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó sọ fún mi pé ó ń run. Ó sọ ọ́ ketekete. Mo wá ń gbọ́ òórùn oògùn kòkó nínú irun orí rẹ̀, nínú aṣọ rẹ̀, nínú ìka mi, bẹ́ẹ̀ òórùn epo ọ̀kadà lásán ni. Nígbà tí a dé ọ̀nà márosẹ̀ ní Òrè, àwọn tírélà ń kọjá lọ sí Benin, kò sí èyí tó fẹ́ dúró kí a sọdá. A dúró níbẹ̀, ọkọ mi ń fi ọwọ́ bẹ̀ wọ́n. Ọmọ mi fi orí lé ẹ̀yìn bàbá rẹ̀. Ó ní ọmọ inú òun kò tíì ta láti ìgbà tí a ti kúrò nílé.

Ilé ìwòsàn kékeré kan ni a gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ jẹ́ àgbàlagbà obìnrin, ó sanra, kò yára. Àìyára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ó ní kí ọmọ mi sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, ó wo ojú rẹ̀, ó wo ahọ́n rẹ̀, ó gbé ìró rẹ̀ sókè, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó bi mí pé kí ló jẹ. Mo sọ fún un. Ó tún bi mí, mo tún sọ fún un. Ó ní ẹ̀jẹ̀ kọ́ nìyẹn, bíítírúùtù ni. Ó ní ìtọ̀ rẹ̀ náà lè pọ́n, kí a má wulẹ̀ sá kiri. Mi ò lè fara balẹ̀, mo ní ká pa ìyẹn tì, oògùn kòkó ńkọ́. Ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó pe ọkọ mi, ó ní kó ka gbogbo ohun tó ti kó sínú páńpù yẹn láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣàpèjúwe ohun tí kò mọ orúkọ rẹ̀, èyí tó dà bí aró, èyí tó ń run, èyí tí wọ́n fi ń pa kòkòrò. Bó ṣe ń kà wọ́n ni mo ń rí wọn nínú àwo ọmọ mi.

Nọ́ọ̀sì náà wá mú ohun kan tó rí bí àrọ kékeré, ó gbé ẹnu rẹ̀ kan lé ikùn ọmọ mi, ó gbé etí rẹ̀ lé èkejì. Ó ní kí gbogbo wa dákẹ́. Ó tẹ́tí síbẹ̀. Ó sún un sí ẹ̀gbẹ́, ó tún tẹ́tí. Ó sún un sísàlẹ̀. Ọ̀já funfun yẹn ṣì so mọ́ ìbàdí mi, ìkángun kejì rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, èérí pupa ti gbà á. Mo di ìkángun náà mú. Mi ò gbàdúrà, mi ò rántí ọ̀rọ̀ àdúrà kankan. Mo kàn ń wo ojú obìnrin yẹn. Mo ti fi ojú ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ lẹ́rù láyé mi, mi ò mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn fún ẹni tó ń wo ojú bẹ́ẹ̀.

Ó fi ìka rẹ̀ lu ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí a lè gbọ́ bí ọkàn ọmọ náà ṣe ń lù ní etí òun. Ó yára, ó dọ́gba. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìfi pamọ́.

Wọ́n dá a dúró sọ́dọ̀ wọn títí di ọjọ́ kejì, dókítà sì wá wò ó. Wọn kò rí àmì májèlé kankan lára rẹ̀, tàbí lára èmi àti bàbá rẹ̀ tí a jọ jẹ. Dókítà ní ó lè jẹ́ pé òjò ti ń fọ ilẹ̀ náà, ó lè jẹ́ omi iyọ̀ mi, ó lè jẹ́ pé díẹ̀ ló kan ewé, òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ó ní kí a máa ṣọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì náà wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nípa ti epo. Ó ní epo kì í pa májèlé. Ó ní ẹni tí a rọ epo sí lọ́fun tó ń bì, epo náà lè gba ọ̀nà èémí lọ, ohun tí mo sì ṣe fún ọmọ mi lè ti burú ju ẹ̀fọ́ náà lọ. Kò fi ohùn líle sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Mi ò tíì pe ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi láti ìgbà tí mo ti jáde ilé-ìwé tíṣà.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, nígbà tí ọkọ mi lọ tún ọ̀kadà wò, mo bẹ ọmọ mi. Mo sọ fún un pé ó sọ fún mi pé ó ń run, mi ò gbọ́. Ó ní nọ́ọ̀sì ti sọ fún òun pé bí bíítírúùtù ṣe ń run nìyẹn, kì í ṣe oògùn. Ó wá ní, "Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, Mọ́mì. Mo rò pé ohun kan wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rù yín ló bà mí tí mo fi jẹ ẹ́."

Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Kò bínú. Ká ní ó bínú ni, ǹ bá rí nǹkan sọ. Aboyún oṣù méje, abiyamọ lọ́la, ó rò pé nǹkan kan wà nínú oúnjẹ, ó sì gbé e mì nítorí pé mo wò ó. Mo ti ro ohun gbogbo tó lè pa ọmọ yẹn, láti orí ibà dé orí ẹ̀jẹ̀ tí kò tó. Mi ò ka ara mi mọ́ wọn.

Nígbà tí a délé, ọkọ mi kò wọ yàrá. Ó gbé ọkọ́, ó hú ìyókù bíítírúùtù náà, ó wa ilẹ̀ ibẹ̀ jinlẹ̀, ó sì fi ìgànná bulọ́ọ̀kù kékeré yí i ká kí ẹnikẹ́ni má gbin nǹkan síbẹ̀ mọ́. Mo bá a níbẹ̀, mo ní èmi ni mo jẹ̀bi. Ó ní òun ló dà á síbẹ̀. Mo ní èmi ni mo ní kó gbé e wálé. A ń jà du ẹ̀bi náà bí ẹni ń du ẹran. Láti ọjọ́ yẹn, kí ó tó fọ ohunkóhun, ó máa ń pè mí wá wo ibi tó fẹ́ fọ̀ ọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ ọ̀já rẹ̀ sínú omi ọṣẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, pupa náà kò tán. Ó so ó lọ sí ilé àdúrà bẹ́ẹ̀. Wọ́n bi í léèrè, ó ní kí wọ́n bi Ọlọ́run.

Oṣù méjì tó kù kò dà bí oṣù méjì. Bí ọmọ mi bá sùn pẹ́, màá lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bí ọmọ inú rẹ̀ bá ta, ó ti mọ̀ pé kó pè mí, màá gbé ọwọ́ lé e. Bí kò bá ta, mi ò ní jẹun. Mo máa ń dákẹ́ kí ó má bàa mọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀. Nígbà tó bí i, obìnrin ni, ó ké kí wọ́n tó gbé e délẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń yọ̀. Èmi ka ìka rẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀, mo wo etí, mo wo òkè ẹnu rẹ̀, mo tún padà ka ìka náà. Ogún ni. Ẹ̀rù náà kò kúrò síbẹ̀. Nígbà tó pẹ́ kó tó rìn, mo ní oògùn kòkó yẹn ni. Nígbà tí ibà mú un, òun ni. Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi ní ọjọ́ tí yóò parí.

Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta báyìí. Orí rẹ̀ pé, ẹnu rẹ̀ mú, bíi tèmi ni wọ́n ń wí. Ìyá rẹ̀ ti gbin bíítírúùtù mìíràn sínú àpò ìrẹsì níwájú ilé, ilẹ̀ ibòmíràn ló kó sínú rẹ̀. Mo bi í pé ṣebí kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní òun ló gbìn ín, òun ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn ló mú kó dùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó se ewé rẹ̀, ó ní kí n fún ọmọ lóúnjẹ kí òun fi wẹ̀. Mo bu ú, mo fẹ́ ẹ kó tutù, mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, mo gbé e sún mọ́ ọn lẹ́nu. Ọmọ náà gbóòórùn rẹ̀. Ó di ẹnu, ó yí ojú kúrò, ó wá gbé ojú sókè wò mí láìṣẹ́jú.

Ó ní, "Ó ń run. Mi ò jẹ."

Ọkọ mi wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní àwa ni a ń ba ọmọ yìí jẹ́, pé oúnjẹ dáadáa ni, kí n fi ojú tíṣà mi wò ó kó jẹ ẹ́. Mo wo ọmọ náà. Kò bẹ̀rù mi rárá. Mo gbé àwo náà kúrò níwájú rẹ̀, mo sì lọ wá ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún un.